Sikéèlì mẹ́rin lábẹ́ táyà mẹ́rin: bí mo ṣe rí èyí tí ò wọ́n fún ọkọ̀ aré onírìmóòtù mi

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ó tó oṣù mélòó kan tí mo fi ń bú ọwọ́ ara mi lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí ọwọ́ mi ò ṣẹ̀. Ọkọ̀ mi, touring car 1/10 (ọkọ̀ orí títì tí wọ́n ṣe ní ìdá mẹ́wàá ọkọ̀ gidi) tó ń lo bátìrì, tí mo bá yí i sósì báyìí á yà wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni tó ti mọ ilé tó ń lọ, àmọ́ tó bá ti di ọ̀tún, imú ẹ̀ á kọ̀ láti yà, á máa lọ tààrà, tí mo bá sì tẹ búréèkì níparí ibi gígùn yẹn, imú ẹ̀ á wá ọ̀nà tiẹ̀ gbà. Mo pààrọ̀ táyà. Mo pààrọ̀ sípíríǹgì. Mo da ọ́ìlì inú ṣọ́ọ̀kì nù mo rọ tuntun sí i. Mo jókòó ti trim orí rìmóòtù, bọ́tìnnì tó ń tún ìdarí táyà ṣe díẹ̀díẹ̀, mò ń tẹ̀ ẹ́ tọ̀sán tòru. Kò sí èyí tó yanjú ẹ̀ níbẹ̀, mo wá gbà fún ara mi pé èmi ni mi ò mọ ọ̀tún yà.

Àfìgbà tẹ́nìkan tá a jọ ń sáré gbé sikéèlì tiẹ̀ wá, àwọn pẹpẹ kéékèèké mẹ́rin tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí gan-an, táyà kan sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. A gbé ọkọ̀ mi lé e. Iwájú òsì 338 gíráàmù, iwájú ọ̀tún 322, ẹ̀yìn òsì 330, ẹ̀yìn ọ̀tún 350. Gbogbo ẹ̀ pọ̀ jẹ́ 1,340. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀ wò: òsì lápapọ̀ 668, ọ̀tún lápapọ̀ 672, gíráàmù 4 péré ló wà láàárín wọn, ẹni tó bá wò ó báyẹn á ní ọkọ̀ yìí dọ́gba, kí ló tún kù. Ṣùgbọ́n ẹ wá so iwájú òsì mọ́ ẹ̀yìn ọ̀tún, 688 nìyẹn, ẹ so iwájú ọ̀tún mọ́ ẹ̀yìn òsì, 652. Gíráàmù 36! Ọkọ̀ mi dà bí àga tẹ́sẹ̀ ẹ̀ kan gùn ju mẹ́ta yòókù lọ, tẹ́ ẹ bá jókòó sí i á máa mì síwá sẹ́yìn, ẹ ò dẹ̀ ní tètè mọ ẹsẹ̀ tó jẹ̀bi.

Bọ̀bọ́ yẹn yí kọ́là ṣọ́ọ̀kì iwájú òsì (òrùka tí wọ́n ń yí láti fún sípíríǹgì pọ̀ tàbí láti tú u) sókè díẹ̀, ó yí ti iwájú ọ̀tún sísàlẹ̀ díẹ̀, ó tẹ ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó lè jókòó dáadáa, ó tún wò ó. 328, 332, 340, 340. Kò lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo gbé e lọ sórí títì, ó yà lọ́tùn-ún bó ṣe ń yà lósì, inú mi dùn, inú tún bí mi, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Mo bi í pé èló ló ra sikéèlì yẹn. Ó sọ iye ẹ̀. Mo yí ọ̀rọ̀ padà.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń wá èyí tí ò ní gba owó táyà àti owó bátìrì lọ́wọ́ mi, mo dẹ̀ ti rà á ṣì tó.

Kí n tó dórí sikéèlì, ẹ jẹ́ n sọ nǹkan kan nípa nọ́ńbà wọ̀nyẹn, torí mo ti rí àwọn tó ní sikéèlì tó dáa lọ́wọ́ tí wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń wá níbẹ̀. Ọ̀nà méjì ni ọkọ̀ fi ń wọ́. Ọ̀kan ni pé kí ẹrù wà lápá kan ju èkejì lọ ní tòótọ́. Bátìrì ló sábà máa ń fà á, bátìrì LiPo 2S tó gùn dáadáa lè tó 300 gíráàmù, ó wá nìkan wà lápá kan ṣásì, kí motor àti ESC (tó ń darí iná motor) àti servo (tó ń yí táyà iwájú) wà lápá kejì, tẹ́ ẹ ò bá pín wọn dáadáa, apá kan á fi gíráàmù 20 tàbí 30 wúwo ju èkejì. Oògùn ìyẹn ni kẹ́ ẹ sún nǹkan kúrò láyè ẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ lẹ òjé tàbí idẹ pẹlẹbẹ mọ́ apá tó fúyẹ́. Èkejì lohun tí wọ́n ń pè ní tweak: ẹrù dọ́gba lọ́tùn-ún lósì, àmọ́ sípíríǹgì kan ń ti ilẹ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ. Èyí yìí ni kọ́là ń tún ṣe.

Kọ́là ò lè tún ti àkọ́kọ́ ṣe o. Ẹ wo nọ́ńbà tèmi padà. Iwájú òsì fi 10 dín, iwájú ọ̀tún fi 10 lé, ẹ̀yìn òsì fi 10 lé, ẹ̀yìn ọ̀tún fi 10 dín, bẹ́ẹ̀ a ò tiẹ̀ fọwọ́ kan ẹ̀yìn rárá. Òsì ṣì jẹ́ 668, ọ̀tún ṣì jẹ́ 672, iwájú ṣì jẹ́ 660. Bẹ́ ẹ bá yí kọ́là dọ̀la, àpapọ̀ òsì ò ní yí padà, torí ẹrù ò kúrò níbi tó wà, ẹsẹ̀ tó ń gbé e ló kàn pín in fúnra wọn lọ́tọ̀. Mo mọ ẹnìkan tó fi ọ̀sán odindi yí kọ́là torí ó fẹ́ kí òsì dọ́gba pẹ̀lú ọ̀tún, bátìrì ẹ̀ sì ló wà lósì gbọnrangandan. Ó yí i títí ọkọ̀ ẹ̀ fi gbẹ́sẹ̀ kan sókè bí ajá tó fẹ́ tọ̀.

Ó dáa, kí wá ni sikéèlì gbọ́dọ̀ lè ṣe? Kó lè sọ ìyàtọ̀ gíráàmù 2 tàbí 3 fún yín, kó sì sọ ọ́ bákan náà nígbàkigbà. Ó tán. Tẹ́ ẹ bá gbé ọkọ̀ kúrò lórí sikéèlì tẹ́ ẹ tún gbé e padà, ṣọ́ọ̀kì àti ball joint (oríkèé kékeré tó so apá táyà pọ̀) nìkan ti lè yí nọ́ńbà padà ní gíráàmù 3 sí 5 torí wọn kì í yọ̀ tán bọ́rọ̀, torí náà sikéèlì tó ń ka 0.01 gíráàmù kàn ń fún yín ní nọ́ńbà tó pọ̀ ju òótọ́ inú ẹ̀ lọ ni. Gíráàmù 1 ti tó. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi 0.01 yẹn gbowó lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ wá gbọ́ àwọn tí mo rà.

Ti àkọ́kọ́, sikéèlì táwọn èèyàn ń dúró lé láti wo bí wọ́n ṣe sanra sí. Ọ̀kan wà nílẹ̀, mo ní ṣebí ìwọ̀n ni ìwọ̀n ń jẹ́. 100 gíráàmù lẹ́ẹ̀kan ni tiẹ̀ ń kà, òmíì wà tó ń ka 50, ó dẹ̀ fẹ́ kí nǹkan tó wúwo dáadáa gun òun kó tó jí. Mo gbé ọkọ̀ lé e, kò dá mi lóhùn. Èyí tó ń fi ìkọ́ wọn báàgì ìrìnàjò náà ò wúlò, mi ò ní fi ìyẹn fi àsìkò yín ṣòfò.

Èkejì ni sikéèlì péńpé táwọn tó ń ta góòlù fi ń wọn nǹkan. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó rẹwà! Ó ń ka 0.01, ó ní ìdérí, ó wọ inú àpò ṣẹ́ẹ̀tì. Mo ra mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà nítorí pé owó ẹ̀ rọjú. Nígbà tó dé ni mo tó ka ara páálí ẹ̀ pé 200 gíráàmù ni gbogbo agbára ẹ̀, táyà tèmi tó fúyẹ́ jù sì lé ní 320. Gbogbo wọn kọ E sójú lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ni pé ẹrù ti pọ̀ jù. Àwọn kan wà nínú irú ẹ̀ tó lè gbé 500, wọ́n á sì ní ìyẹn tó fún 1/10, lórí ìwé ó tó lóòótọ́, àmọ́ ẹ rántí pé ẹ máa tẹ ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀ kó lè jókòó, ọwọ́ yín á sì ti kọjá 500 kẹ́ ẹ tó mọ̀, irin inú ẹ̀ á tẹ̀, kò dẹ̀ ní padà sípò mọ́ láé. Ojú pẹpẹ ẹ̀ náà tún kéré, táyà máa gun etí ẹ̀. Èmi ní tèmi, sikéèlì tó lè gbé ìlọ́po mẹ́ta ohun tí igun kọ̀ọ̀kan máa gbé ni mo ń wá. Fún ọkọ̀ 1/10 tí gbogbo ara ẹ̀ wà láàárín 1,300 sí 1,600, kílò 1 fún sikéèlì kan ti tó, kílò 2 dáa jù ú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní buggy 1/8 (ọkọ̀ orí iyẹ̀pẹ̀ tó tóbi ju tèmi lọ) tó lé ní 3,000 gíráàmù, igun kan ti sún mọ́ 800 tàbí 900 nìyẹn, ẹ lọ sí kílò 3 tàbí 5.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá já sí ni sikéèlì ilé ìdáná. Kílò 5, ó ń ka gíráàmù 1, pẹlẹbẹ, wọ́n wà níbi gbogbo. Mo ti ní ọ̀kan, mo tọrọ ọ̀kan, mo wá ra méjì kún un. Mẹ́rin pé. Mo tò wọ́n, mo gbé ọkọ̀ lé e, ó sọ pé ọkọ̀ mi fi gíráàmù tó lé ní ọgọ́rùn-ún wọ́ síbì kan! Àyà mi já. Mo rò pé ṣásì ti tẹ̀. Mo tú ọkọ̀ náà palẹ̀ pátápátá lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo fi ojú ṣásì lé gíláàsì, kò tẹ̀, mo tò ó padà, ó tún sọ ohun kan náà. Ó di ọjọ́ kejì kí n tó bẹ̀rẹ̀ wo àwọn sikéèlì fúnra wọn látẹ̀gbẹ́, mo wá rí i pé méjì ga ju méjì lọ. Kò ju mílímítà 3 tàbí 4 lọ.

Ibí yìí lohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú nínú gbogbo ọ̀rọ̀ mi, torí ó ṣe pàtàkì ju irú sikéèlì tẹ́ ẹ rà lọ. Sípíríǹgì ọkọ̀ touring le, ó sì kúrú. Tẹ́ ẹ bá gbé igun kan sókè díẹ̀ bíńtín, ẹ ti fún sípíríǹgì yẹn pọ̀, á máa ti pẹpẹ náà bí ẹni tí wọ́n yọ lẹ́nu. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ gbé ọkọ̀ lé sikéèlì mẹ́rin tó dọ́gba, ẹ wo nọ́ńbà, kẹ́ ẹ wá ti káàdì kan, èyí tó le díẹ̀, sábẹ́ táyà kan ṣoṣo. Tèmi yí padà ní ohun tó lé ní gíráàmù 10 ní igun kọ̀ọ̀kan, méjì lọ sókè, méjì lọ sílẹ̀. Káàdì o! Ẹ wá fojú inú wo mílímítà mẹ́rin.

Torí náà sikéèlì mẹ́rin gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Irú kan náà, láti inú páálí kan náà tó bá ṣeé ṣe, kẹ́ ẹ rà wọ́n lọ́jọ́ kan náà, torí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é lè yí ẹsẹ̀ ẹ̀ padà láìyí orúkọ ẹ̀. Sikéèlì mẹ́rin tí ò gbówó lórí tí wọ́n jọra dáa ju méjì olówó iyebíye pẹ̀lú méjì míì tí ò bá wọn mu.

Inú gbogbo wọn náà jọra ṣá. Irin kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní load cell, ó máa ń tẹ̀ bíńtín tẹ́rù bá gùn ún, wọ́n wá lẹ nǹkan tín-ín-rín bíi wáyà mọ́ ọn lára, bí irin yẹn bá nà wáyà náà á nà, bó bá nà iná á ṣòro láti gba inú ẹ̀ kọjá díẹ̀ sí i, ìyípadà iná yẹn ni wọ́n sọ di gíráàmù. Olówó gọbọi ń lò ó, olówó pọ́ọ́kú ń lò ó. Ohun tẹ́ ẹ sanwó fún nínú èyí tó wọ́n ni bí wọ́n ṣe de irin náà mọ́lẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣètò ẹ̀ kó tó kúrò nílé iṣẹ́, àti ojú kan ṣoṣo tó ń ṣírò gbogbo ẹ̀ fún yín. Ìṣirò yẹn, ìwé àti bírò lè ṣe é.

Tẹ́ ẹ bá ti rí irú tẹ́ ẹ fẹ́ rà, ẹ mú rúlà jáde kẹ́ ẹ wọn fífẹ̀ ẹ̀, ohun tó bá mi lójijì nìyí. Láti àárín táyà òsì dé àárín táyà ọ̀tún lórí touring 1/10 jẹ́ bíi sẹ̀ńtímítà 16 tàbí 17. Sikéèlì tó fẹ̀ tó sẹ̀ńtímítà 20, tẹ́ ẹ bá tò méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, táyà ò ní bọ́ sí àárín ẹ̀, apá inú ló máa sún sí. Ẹ wá èyí tó fẹ̀ ní sẹ̀ńtímítà 16 wálẹ̀, tàbí èyí tó gùn lọ́nà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́nà kejì. Kẹ́ ẹ tún wo ibi tí ojú ẹ̀ wà. Tí nọ́ńbà bá wà níbi tí ọkọ̀ máa bò, ẹ máa dọ̀bálẹ̀ kẹ́ ẹ tó rí i, ọrùn á dùn yín. Èmi yí tèmi kí ojú wọn kọ síta, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì.

Ojú pẹpẹ gbọ́dọ̀ tẹ́jú. Àwọn kan rí kọdọrọ láàárín bí àwo, ẹ sá fún un. Onígíláàsì ni mo fẹ́ràn, torí pé ó ń yọ̀, yíyọ̀ yẹn dẹ̀ wúlò, mo máa sọ ìdí ẹ̀ láìpẹ́.

Sikéèlì ilé ìdáná ní ìwà méjì tí wọn ò kọ sára páálí. Ti àkọ́kọ́, ó máa ń kú fúnra ẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi méjì kó má baà jẹ bátìrì. Ẹ máa ń yí kọ́là lọ́wọ́, ẹ gbójú sókè, méjì ti sùn. Tẹ́ ẹ bá wá tàn án padà pẹ̀lú ọkọ̀ lórí ẹ̀, á ka ẹrù yẹn sí òdo, ẹ gbọ́dọ̀ gbé ọkọ̀ kúrò kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ó lè múnú bí èèyàn gan-an. Àwọn kan wà tí kì í sùn tẹ́ ẹ bá fi wáyà so wọ́n mọ́ iná, tẹ́ ẹ bá rí irú ẹ̀, ẹ mú un, kódà tó bá fi díẹ̀ wọ́n jù. Èkejì, àwọn kan máa ń di nọ́ńbà mú. Tó bá ti rí i pé nǹkan ti dúró jẹ́ẹ́ lórí òun, á gbá a mú, ìyípadà kékeré ò ní hàn mọ́. Fún ẹni tó ń wọn ìyẹ̀fun kò sí wàhálà, àmọ́ àwa la ń yí kọ́là díẹ̀díẹ̀, gíráàmù 2, gíráàmù 3, sikéèlì á wá máa sọ nọ́ńbà àná fún wa. Bẹ́ ẹ ṣe máa dá a mọ̀: ẹ gbé bátìrì ọkọ̀ lé e, ẹ jẹ́ kó dúró, kẹ́ ẹ wá fi òjé gíráàmù 5 kan lé bátìrì náà jẹ́jẹ́. Tó bá fi 5 lé, ó dáa. Tí ò bá mira, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Bátìrì kan náà yẹn lẹ máa fi dán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò. Ẹ gbé e sí àárín sikéèlì àkọ́kọ́, ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀, ẹ gbé e kúrò, ẹ tún gbé e padà, bíi ìgbà márùn-ún. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún mẹ́ta yòókù. Lẹ́yìn náà ẹ gbé e sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹpẹ kọ̀ọ̀kan, torí táyà yín ò ní máa bọ́ sí àárín gangan lójoojúmọ́. Tèmi ka bátìrì kan náà sí 287, 287, 289, 287. Ẹni kẹta yẹn fi 2 lé ní gbogbo ìgbà, kò yẹ̀ rí, bó jẹ́ òwúrọ̀ bó jẹ́ alẹ́. Mi ò jù ú nù. Mo lẹ tépù mọ́ ọn lára, mo kọ «yọ 2» sí i, mo sì máa ń lò ó ní ẹ̀yìn òsì nígbà gbogbo. Sikéèlì tó ń pa irọ́ kan náà, a lè bá a gbé. Èyí tó sọ 287 lẹ́ẹ̀kan tó sọ 291 lẹ́ẹ̀kejì ni kí ẹ má gbà.

Ó tún ku tábìlì. Gbogbo ìnáwó yín dòfo tí tábìlì bá wọ́. Mo ní gíláàsì tó nípọn kan tí mo máa ń tẹ́ sórí tábìlì, mo fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì irú táwọn bíríkìlà ń lò wò ó síwá sẹ́yìn àti lọ́tùn-ún lósì, ibi tó bá relẹ̀ mo ti bébà sí ẹsẹ̀ tábìlì níbẹ̀. Kì í ṣe abẹ́ sikéèlì o, abẹ́ tábìlì. Tó bá ti tẹ́, mo to sikéèlì, mo wá gbé rúlà onírin gígùn dábùú méjì méjì, àti láti igun dé igun, kí n rí i bóyá ìmọ́lẹ̀ ń yọ lábẹ́ ẹ̀. Tí ọ̀kan bá relẹ̀ ni mo tó ń wá tépù lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀.

Ọkọ̀ fúnra ẹ̀ náà ní bó ṣe ń wá. Gbogbo nǹkan tó máa gbé sáré gbọ́dọ̀ wà lára ẹ̀, bátìrì, transponder (ẹ̀rọ kékeré tó ń jẹ́ kí wọ́n ka ìyípo ọkọ̀), gbogbo ẹ̀. Bọ́dì náà, àmọ́ mo máa ń yọ bọ́dì tí mo bá fẹ́ yí kọ́là, mo á dá a padà fún kíkà ìkẹyìn. Mo máa ń tú anti-roll bar, irin tín-ín-rín tó so apá òsì pọ̀ mọ́ apá ọ̀tún, kúrò níbi tí wọ́n so ó mọ́ lápá kan, iwájú àti ẹ̀yìn, nítorí tí bar yẹn bá wọ́ díẹ̀, òun náà á máa tì, ẹ wá máa fi kọ́là bo àṣìṣe bar mọ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tún kọ́là ṣe tán tẹ́ ẹ so bar padà tí nọ́ńbà yí, bar lẹ máa tún ṣe, kì í ṣe kọ́là mọ́. Táyà mẹ́rin gbọ́dọ̀ ga bákan náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo táyà fóòmù ẹ ṣọ́ra níbẹ̀, torí fóòmù ń jẹ, apá kan lè ti jẹ ju èkejì lọ, ẹ sì ti gbọ́ ohun tí káàdì kan ṣoṣo ṣe.

Nípa yíyọ̀ tí mo sọ. Tẹ́ ẹ bá gbé ọkọ̀ kalẹ̀, ṣọ́ọ̀kì á wọlé, táyà á fẹ́ sún síta díẹ̀ bí apá ṣe ń lọ sókè. Rọ́bà tó bá di ojú pẹpẹ mú ò ní jẹ́ kó sún, ọkọ̀ á wá dúró gátagàta, igun kan á máa gbé ẹrù tí kì í ṣe tiẹ̀. Lórí gíláàsì ó ń sún díẹ̀. Èmi tún ń fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù méjì tí mo tò lé ara wọn, tí mo fi ọ́ìlì kékeré sí àárín wọn, sábẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan, kí n tó tẹ sikéèlì sí òdo. Lẹ́yìn náà mo máa ń tẹ iwájú mọ́lẹ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo tẹ ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo jẹ́ kó fúnra ẹ̀ dìde, mo ka nọ́ńbà. Mo gbé e kúrò, mo tún gbé e padà, mo tún kà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, mo wá pín in sí mẹ́ta. Nígbà tí mo máa ń kà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àìmọye ìgbà ni mo ti tún nǹkan tí ò bàjẹ́ ṣe.

Tí agbára ò bá ká mẹ́rin, ẹ ra méjì. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ padà nìyẹn lẹ́yìn ti àwọn onígóòlù. Ẹ gbé méjì sábẹ́ táyà ẹ̀yìn, ẹ wá pákó méjì tó ga bákan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú sikéèlì sábẹ́ táyà iwájú, ẹ ka ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ wá pààrọ̀ wọn, sikéèlì síwájú, pákó sẹ́yìn. Ó gba sùúrù, pákó yẹn náà gbọ́dọ̀ ga bí sikéèlì nígbà tẹ́rù bá wà lórí ẹ̀, àmọ́ nọ́ńbà tó máa jáde á sún mọ́ òtítọ́ gan-an. Fún buggy tó ń sáré lórí iyẹ̀pẹ̀, èmi ò tiẹ̀ rí ìdí tẹ́ ẹ fi máa kọjá méjì. Ṣọ́ọ̀kì wọn gùn, sípíríǹgì wọn rọ̀, ọ̀nà wọn kún fún gegele, ohun tó ṣe kókó níbẹ̀ ni kí òsì àti ọ̀tún má jìnnà síra wọn, ìyókù á lọ nígbà tí wọ́n bá fò lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n balẹ̀. Ẹni tí tiẹ̀ ń lo epo, kó rọ epo dé ìdajì táǹkì kó tó wọ̀n ọ́n, torí bó ṣe ń sáré ni epo ń dínkù.

Tí ọwọ́ yín bá dẹ̀ mọ iná mọ̀nàmọ́ná díẹ̀, ẹ lè ṣe tiyín. Load cell tó rí bí ọ̀pá, ti kílò 1 tàbí 2, mẹ́rin, bọ́ọ̀dù kékeré HX711 mẹ́rin tó ń sọ iná inú wọn di nọ́ńbà, Arduino (kọ̀ǹpútà péńpé tó ń ka nọ́ńbà náà) kan. Mo ti bá ẹnìkan tò ó. Ìdùnnú ẹ̀ ni pé kì í sùn, kì í di nọ́ńbà mú, ó sì lè ṣírò cross weight (igun tó dojú kọra, bí 688 àti 652 tèmi) fúnra ẹ̀. Ìbànújẹ́ ẹ̀ ni pé ẹ gbọ́dọ̀ gé pẹpẹ mẹ́rin kí wọ́n ga dọ́gba, kẹ́ ẹ sì fi nǹkan kékeré sí abẹ́ orí kan irin náà àti sórí orí kejì kó lè ráyè tẹ̀. A kọ́kọ́ gbàgbé ìyẹn, a de irin náà mọ́ pákó gbagidi, kò wọn nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ méjì ló gbà wá, owó tó sì wọ inú ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ dín sí ti sikéèlì ilé ìdáná mẹ́rin. Àmọ́ a gbádùn ẹ̀ o.

Tèmi, mẹ́rin onígíláàsì yẹn ni mo ṣì ń lò. Wọ́n wà nínú páálí bàtà kan pẹ̀lú rúlà, tépù àti ìwé tí mo ń kọ nọ́ńbà sí, mo kọ 1 sí 4 sára wọn kí n má baà ṣì wọ́n gbé, mo sì máa ń yọ bátìrì inú wọn tí mi ò bá ní lò wọ́n fún ìgbà díẹ̀ torí ọ̀kan ti ṣọmi sínú sikéèlì rí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo sún wáyà motor àti transponder lọ sósì, òsì di 670, ọ̀tún di 670, cross weight fi gíráàmù 2 péré yàtọ̀. Mi ò lè rí i kó dára ju báyẹn lọ lórí tábìlì. Ọ̀tún ṣì ń yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ti báyìí, èmi ni.